Dókítà Kejì: Òṣìṣẹ́ Ọ̀fà àti Òṣìṣẹ́ New York

Bí ẹ̀rọ ìlagi bá gé ọmọ iṣẹ́ níka ní sọ́mìlì kan ní Ọ̀fà, ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ máa kọ́kọ́ wá ni ibi tí wọ́n lè sáré gbé e lọ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí egbò ti jinná, tí ìka kò sì ká mọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn á délẹ̀. Dókítà wo ló máa sọ bí ìfarapa yìí ti wúwo tó? Ta ló yan dókítà náà? Ta ló ń sanwó fún un? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ló máa ń pinnu bóyá òṣìṣẹ́ á rí owó gbà-má-bínú rẹ̀ gbà.

Ní New York, ní California àti ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn, ọ̀rọ̀ yìí ti di odindi ètò tó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, agbẹjọ́rò tirẹ̀ àti adájọ́ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀nba gbólóhùn ni òfin fi mẹ́nu bà á. Mo fẹ́ gbé ọ̀nà méjèèjì yẹ̀ wò pa pọ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ìpìlẹ̀ òfin tiwa dára ju tiwọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ wọn sì ní ààbò níwájú dókítà tí òṣìṣẹ́ tiwa kò ní.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìjọba amúnisìn ló gbé òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1941. Rélùwéè ti ń gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí òfin yẹn tó dé, àwọn tó ń gbé irin, tó ń já ẹrù, tó sì ń tún ojú irin ṣe sì ti ń fara pa tipẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin mìíràn ní 1987, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà: agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó, agbanisíṣẹ́ náà ló sì ń yan dókítà tó máa yẹ òṣìṣẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí owó máa jáde lápò rẹ̀ ló mọ ilé dókítà, òun náà ló sì máa tún ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, owó oṣù 54 ni wọ́n máa kà fún un, ó parí.

Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ló hú ìpìlẹ̀ yẹn. Employees' Compensation Act ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ òfin yìí, agbanisíṣẹ́ kì í bá òṣìṣẹ́ dúnàádúrà lórí owó gbà-má-bínú mọ́. Ó kéré tán, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa dá sí àpò kan tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ń bójú tó, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Bí ìfarapa bá dé, inú àpò yẹn ni owó ti ń jáde, láìwádìí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni yóò máa gbà. Òfin náà ka ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ó ka alágbàṣe mọ́ ọn. Ó tún ka ẹni tó fara pa lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ọ̀rọ̀ dókítà. Ọ̀gá sọ́mìlì tó ń dá owó rẹ̀ déédéé kò ní ìdí kankan láti wá dókítà tó máa sọ pé ìka ọmọ iṣẹ́ ti san. Kò sí kọ́bọ̀ tó máa tìdí ẹ̀ jáde lápò rẹ̀. Ó lè bá ọmọ náà kẹ́dùn, kó bá a kọ fọ́ọ̀mù, kó tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì. Ìjà tó wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ látayébáyé ni òfin náà yọ eyín rẹ̀.

Àmọ́ àpò náà ní olùṣọ́. Ìgbìmọ̀ àjọ NSITF ló ń gba ìwé, òun ló ń pinnu ẹni tó tọ́ sí owó, òun náà ló sì lè ní kí dókítà mìíràn tún ohun tí dókítà àkọ́kọ́ sọ yẹ̀ wò. Ibi tí èyí ti hàn gbangba jù lọ ni abala 8 òfin náà, èyí tó dá lórí ìpalára ọkàn. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018 kò ní kúrò lọ́kàn ará Ọ̀fà bọ̀rọ̀. Àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ya wọ àwọn báǹkì, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọlọ́pàá àti ará ìlú. Ẹ ronú kan òṣìṣẹ́ tí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá lẹ́nu iṣẹ́, tí ìbọn kò bà á, ṣùgbọ́n tí kò lè sùn mọ́, tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún. Òfin 2010 kò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó ní ẹni tí jìnnìjìnnì òjijì bá lẹ́nu iṣẹ́, tí àìsàn ọkàn sì tibẹ̀ wọlé sí i lára, lè gba owó gbà-má-bínú bí dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ìgbìmọ̀ lè yan dókítà tirẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ dókítà náà gbé yẹ̀ wò.

Ìka tó gé, gbogbo ayé ló rí i. Oorun tó dá, ẹnikẹ́ni kò rí i àfi ẹni tó ń ṣe. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu dókítà nìkan ni ìfarapa náà gbé wà, ẹni tó bá sì yan dókítà ti yan apá tó pọ̀ jù nínú ìdájọ́. Bí ìgbìmọ̀ tó di àpò mú bá tún jẹ́ ẹni tó ń yan dókítà kejì, ó yẹ kí òfin sọ bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe rí ìwé tí dókítà náà kọ, àti ohun tó lè ṣe bí kò bá fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ré kọjá òkun wàyí. Obìnrin ọmọ Yorùbá kan ń tọ́jú arúgbó nílé ní Bronx. Níbi tó ti ń gbé ìyá àgbà láti orí ibùsùn sórí àga, ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó má ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Iléeṣẹ́ adójútòfò tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń lò ló máa san owó ọ̀sẹ̀ fún un ní gbogbo àkókò yìí, iléeṣẹ́ adójútòfò sì ń jèrè nígbà tí owó tó ń san bá dín kù. Kò ní pẹ́ tí wọ́n fi máa kọ lẹ́tà sí i pé kó lọ rí dókítà mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò aláìṣègbè. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló pè é, iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń sanwó rẹ̀. Dókítà yìí kò rí i rí. Ó lè má lò tó wákàtí kan pẹ̀lú rẹ̀, kó sì kọ ọ́ síwèé pé obìnrin náà lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Ní 2009, ìwé ìròyìn New York Times tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí désàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n fi hàn bí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò ṣe máa ń yàtọ̀ sí ohun tí ìwé dókítà sọ fún adájọ́, àti bí òṣìṣẹ́ àti iléeṣẹ́ adójútòfò ṣe di ẹni tí kò gba ara wọn gbọ́ mọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ará Ọ̀fà tó dàgbà sídìí ìjàkadì mọ̀ pé bó bá jẹ́ bàbá ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà ló ń kéde ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, kò sí bí bàbá náà ti lè jẹ́ olóòótọ́ tó, ọjà máa pariwo.

Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ New York kò káwọ́ gbera. Bí wọ́n ti rí i pé ìdí ètò náà wọ́, wọ́n fi ọgbà yí òṣìṣẹ́ ká. Ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ méje kí àyẹ̀wò tó wáyé ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹnikẹ́ni tó bá wù ú wọlé tọ dókítà. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi fóònù ká gbogbo àyẹ̀wò náà sílẹ̀, àwòrán àti ohùn. Nígbà tí dókítà bá kọ̀wé tán, ọjọ́ kan náà tó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ adójútòfò ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, sí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ àti sí àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́. Bí ìwé dókítà yìí àti ti dókítà tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ bá tako ara wọn, adájọ́ á jókòó lé e, wọ́n á sì lè fi ìbéèrè wá dókítà lẹ́nu wò.

California gba ọ̀nà mìíràn. Bí àríyànjiyàn bá wà, orúkọ dókítà mẹ́ta ni ìjọba máa mú jáde. Òṣìṣẹ́ tí kò ní agbẹjọ́rò á mú ọ̀kan nínú wọn. Bó bá ní agbẹjọ́rò, apá kọ̀ọ̀kan á pa orúkọ kan rẹ́, ẹni tó bá ṣẹ́kù ló máa ṣe àyẹ̀wò. Texas ní tirẹ̀ ń yan dókítà fúnra rẹ̀ láti inú orúkọ àwọn tí ìjọba ti fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ dókítà náà ló sì lágbára jù títí ẹ̀rí tó wúwo ju ti rẹ̀ lọ yóò fi bì í ṣubú. Ṣùgbọ́n Texas yìí kan náà gba agbanisíṣẹ́ aládàáni láyè láti má wọnú ètò náà rárá. Kí ni èrè dókítà aláìṣègbè fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nínú ètò? Níbi yìí, òfin tiwa ju tiwọn lọ, ó kéré tán lórí ìwé, torí kò yọ agbanisíṣẹ́ aládàáni kankan sílẹ̀.

Gbogbo ọgbọ́n Amẹ́ríkà yìí, ìtọ́jú egbò ni. Ìpìlẹ̀ ètò wọn ló ń dá egbò náà: ẹni tó ń jèrè bí òṣìṣẹ́ kò bá gba owó ni wọ́n fún ní agbára láti pe dókítà. Ilẹ̀ Britain ti rí èyí ṣáájú wọn. Òfin 1946, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, gba ọ̀rọ̀ owó ìfarapa kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ àti adójútòfò, ó sì fi sọ́wọ́ ìjọba. Títí di òní, oníṣègùn tí ìjọba gbé iṣẹ́ fún ló ń wọn àbùkù ara òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ìfarapa, àbùkù náà gbọ́dọ̀ tó ìdá 14 nínú 100 kí owó tó jáde. Èyí tó wù mí jù nínú ètò wọn ni pé bí òṣìṣẹ́ kò bá gbà, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan tí dókítà ti ń jókòó pẹ̀lú adájọ́. Dókítà yẹn kì í ṣe ti agbanisíṣẹ́, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, ó sì mọ ìwé X-ray kà.

Tiwa ńkọ́? Òfin gba òṣìṣẹ́ láyè láti tako ìpinnu NSITF, kó sì gbé e dé National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka ní Ìlọrin. Ilé ẹjọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ni wọ́n ń gbà lọ síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba ìdáǹdè kò ní owó agbẹjọ́rò. Ìpìlẹ̀ wa sún mọ́ ti Britain, àmọ́ a kò ṣe ìgbìmọ̀ kékeré, olówó pọ́ọ́kú, tí dókítà ti ń jókòó gbọ́ ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń jà fún òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́, mo sì gbà pé ó yẹ ká sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni dókítà tó ń tọ́jú ènìyàn ló mọ̀ jù. Ẹ mú ọkùnrin kan tó ń gbé àpò ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, oko ló wà, ó ń kọ ebè. Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fẹ́ kí ara rẹ̀ yá, ó fún un ní oògùn, ó ní kó sinmi. Ó ti mọ̀ ọ́n pẹ́, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń jẹun. Ṣé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ba ẹ̀yìn yìí jẹ́ àbí ebè kíkọ? Dókítà náà lè má bèèrè rárá, torí ìdáhùn rẹ̀ kò ní yí oògùn padà. Bó bá sì jẹ́ dókítà tí iléeṣẹ́ búrẹ́dì ń san owó fún lóṣooṣù láti máa tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìyọ́nú tirẹ̀ lè dojú kọ ibòmíràn.

Nítorí náà dókítà kejì wúlò. Ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀: kí ló fa ìfarapa yìí, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ṣé ó ṣì máa san ju báyìí lọ? Àmọ́ ìbéèrè yìí pàápàá léwu. Láti 2004 ni California ti ní kí dókítà máa pín àbùkù ara sí wẹ́wẹ́, kó sọ ìdá tí iṣẹ́ fà àti ìdá tí nǹkan mìíràn fà. Dókítà tí kò mọ aláìsàn dáadáa lè wo àwòrán ẹ̀yìn ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún, kó ní ọjọ́ orí ló fa ìdajì, kó sì fi ìlà kan ṣoṣo gé owó rẹ̀ sí méjì. Ọjọ́ orí yẹn wà lára rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì ń gbé àpò ìyẹ̀fun. Bí mo bá máa yàn, dókítà tó ń tọ́jú ni màá gbà gbọ́ lórí ohun tí aláìsàn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, torí ó ti rí i lójú ìrora lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí ohun tó fà á, màá fetí sí dókítà kejì, bí ó bá ti mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, tó sì ti ka gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀.

Gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀: ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà New York àti ti Ọ̀fà ti pínyà jù. Ní New York, ìwé dókítà méjì ló ń bá ara wọn jà. Ní Ọ̀fà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ìwé kankan. Bí apá bá kán, ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun, torí owó, torí ìgbàgbọ́, torí ẹ̀rù pé iléèwòsàn á gé e. Mi ò bá àwọn bàbá náà jà. Eegun tí wọ́n ti tò tó jinná pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ń béèrè ẹ̀rí oníṣègùn tí ìjọba mọ̀, bàbá tó ń to eegun kì í sì í kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn dé, kì í kọ bí apá náà ṣe rí kó tó tò ó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí apá bá ti wọ́, kò sí dókítà, aláìṣègbè tàbí ẹlẹ́gbè, tó lè fi ìdánilójú sọ pé ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ló kán an.

Ọjọ́ sì ń lọ. Ọjọ́ 14 ni òfin 2010 fún òṣìṣẹ́ láti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òun fara pa, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ NSITF létí. Ọdún kan ni ìwé ìbéèrè owó ní. Àwọn ọjọ́ yìí kò kéré fún ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ọ̀gá ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, tí ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, ta ló fẹ́ kọ ìwé sí ọ̀gá? “Alàájì, ẹ má bínú, ara á yá” ni ọmọ iṣẹ́ máa sọ. Alàájì á fún un lówó oògùn, á rán oúnjẹ sí i, kò sì ní ìwà ìkà kankan nínú. Inúure yẹn lè mú kí ọjọ́ 14 kọjá láìsí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá mọ̀ pé fọ́ọ̀mù NSITF kì í ṣe ìwé ìpẹ̀jọ́. Bí wọ́n bá ti ń dá owó wọn, fọ́ọ̀mù yẹn ò ná wọn ní nǹkan kan.

Bí a bá máa yá nǹkan lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, kí a má ṣe yá ìjà wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi àpò owó wa sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú ni ọgbà tí New York fi yí òṣìṣẹ́ ká: lẹ́tà tó tètè dé, ẹni tó tẹ̀ lé ọ wọlé, fóònù tó ń ká ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò tó dé ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ àjọ. Kò sí èyí tó ń béèrè owó ńlá nínú wọn. Ìlànà ojú ìwé kan láti ọ́fíìsì NSITF lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tún òfin ṣe ní Abuja.

Kí a sì mú orúkọ mẹ́ta ti California. Bí àjọ náà bá fẹ́ kí dókítà kejì yẹ òṣìṣẹ́ wò, kó gbé orúkọ dókítà mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ mú ọ̀kan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ Kwara lè bá àjọ náà jókòó to orúkọ wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé ibo la ti máa rí dókítà eegun mẹ́ta ní Ọ̀fà. Òótọ́ ni, a lè má rí wọn ní Ọ̀fà. Ìlọrin ni iléèwòsàn Yunifásítì wà, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn á sì wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ kò lè máa fi owó ara rẹ̀ wọ mọ́tò lọ, kó tún wọ mọ́tò bọ̀, láti lọ fi ẹsẹ̀ han dókítà tí àjọ ní kó lọ rí. Òṣìṣẹ́ New York lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ọkọ̀ fún àyẹ̀wò báyìí. Kí àpò tí gbogbo agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí san owó mọ́tò láti Ọ̀fà sí Ìlọrin, àlọ àti àbọ̀, kó sì san ti ẹni tó bá tẹ̀ lé e.